BLO: Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Kú, Ó Fọmọ Rọ́pò

Ní ọdún 1972 ni Berkley Jones, Laolu Akins àti Mike Odumosu dá BLO, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì, sílẹ̀ ní Èkó. Àwo wọn àkọ́kọ́, Chapter One (1973), kún fún ìró gìtá tí ń gbé ọkàn olùgbọ́ wọ ojú àlá. Irú orin bẹ́ẹ̀ kò pẹ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n yà sí fọ́ńkì, wọ́n sì tú ká ní 1982.

Síbẹ̀, iṣẹ́ wọn kò já sí òfo. Akins yìí kan náà ni ó darí iṣẹ́ lórí Ace, àwo jùjú tí Shina Peters fi gbòde ní 1989. Olùkọ́ tí ó bá kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ agbègbè Ìyànà-Ìbá ní ìtàn jùjú tí ó fo BLO, ààbọ̀ ìtàn ni ó kọ́ wọn.