Nítorí rọ́bà, ẹ má ju ẹ̀rọ èémí sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì

Ọ̀rọ̀ tá a gbé wá lọ́sẹ̀ yìí, ẹ̀rín lẹ máa kọ́kọ́ rín sí i, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá kà á débì kan, ẹ̀rín yẹn á gbẹ lẹ́nu yín. Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń hanrun ni. Ẹ má sì sọ pé kò kàn yín o, torí ẹni tó ń hanrun kì í gbọ́ tiẹ̀, ẹni tó sùn tì í ló ń gbọ́ ọ.

Ọkùnrin kan wà tó ń wa fọ́kílíìfù, ìyẹn ọkọ̀ kékeré tí wọ́n fi ń gbé ẹrù wúwo, níléeṣẹ́ kan ní Industrial Estate, l'Ódogunyàn, n'Ìkòròdú. A ò ní í dárúkọ ẹ̀, a ò sì ní í dárúkọ iléeṣẹ́ náà. Bàbá Ìbejì la máa pè é. Tí Bàbá Ìbejì bá sùn lálẹ́, ayálégbé tó wà ní yàrá kẹta ń gbọ́ ọ. Ìyá Ìbejì ti kó ìrọ̀rí tiẹ̀ lọ sí pálọ̀ tipẹ́. Níbi iṣẹ́ ńkọ́? Bí wọ́n bá ti jẹun ọ̀sán tán, kí ìyá olóúnjẹ tó palẹ̀ abọ́ mọ́, Bàbá Ìbejì ti sùn lọ. Tó bá wọ danfo l'Ódogunyàn, tó yẹ kó bọ́ọ́lẹ̀ ní Gáréèjì Ìkòròdú, Mile 12 ló ti máa ń jí. Àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní oorun olówó ni. Àwọn kan ní ọ̀lẹ ni. Àwọn míì tiẹ̀ ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé ayé ló ń ṣe é.

Yẹ̀yẹ́ yẹn dópin lóru ọjọ́ kan. Bàbá Ìbejì gbé ẹrù sórí fọ́kílíìfù, oorun gbé e lọ fẹ́ẹ́rẹ́, àfi gbàù lára ògiri! Ọmọkùnrin kan tó ń ka ẹrù níbẹ̀, díẹ̀ báyìí ló kù kí irin náà kàn án mọ́ ògiri. Ọlọ́run ló yọ ọ́. Lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Bàbá Ìbejì, wọ́n ní kó lọ rí dókítà, kó má sì fọwọ́ kan fọ́kílíìfù mọ́ títí wọ́n á fi mọ ohun tó ń ṣe é. Ẹ̀yin náà kúkú mọ ohun tíyẹn túmọ̀ sí fẹ́ni tó ń sanwó ilé, tó tún ń san owó ilé-ìwé ọmọ méjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Dókítà ní kì í ṣe ayé, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Ó ní èémí ẹ̀ ló ń dá dúró lójú oorun. Sleep apnea ni wọ́n ń pè é lédè àwọn dókítà. Béèyàn bá sùn, ẹran tó wà lọ́nà ọ̀fun máa ń dẹ̀. Tàwọn kan máa ń dẹ̀ débi pé á dí ọ̀nà tí èémí ń gbà. Ìhanrun á ga, á ga sí i, lójijì gbogbo ẹ̀ á dákẹ́ bíi pé onítọ̀hún ti lọ. Ó lè tó ìṣẹ́jú àáyá 10, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ni ọpọlọ á bá ta á jí, á mí gúlegúle bí ẹni tó rì sómi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọrí, á tún sùn padà. Tílẹ̀ bá mọ́, kò ní í rántí ẹyọ kan. Tó bá ń ṣẹlẹ̀ tó ìgbà 5 láàárín wákàtí kan, àwọn dókítà ò ní í fojú kékeré wò ó. Tó bá ti tó ìgbà 30, ó ti le gan-an nìyẹn. Ẹ wá sọ fún wa, ẹni tí wọ́n ń jí nígbà 30 ní wákàtí kan, ṣé ẹni yẹn sùn?

Àìsàn yìí kì í dá rìn. Òun àti ẹ̀jẹ̀ ríru, àìsàn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ ni wọ́n jọ máa ń rìn. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2019 fojú bù ú pé àwọn tó ní in káàkiri ayé, láàárín ẹni ọdún 30 sí 69, á tó mílíọ̀nù 936. Ẹni tó sanra, ẹni tí ọrùn ẹ̀ ki, ẹni tó ń mutí kó tó lọ sùn, wọ́n wà lára àwọn tó máa ń mú jù. Ṣùgbọ́n ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́ náà ń ní in o.

Nígbà kan, ihò ni wọ́n máa ń dá sí ọ̀nà ọ̀fun ẹni tó bá ní èyí tó le. Ọdún 1980 ni dókítà kan tó ń jẹ́ Colin Sullivan, ní ìlú Sydney lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà, ronú pé bóun bá ń fi ẹ̀rọ fẹ́ atẹ́gùn sí imú aláìsàn, ọ̀fun ẹ̀ ò ní í lè pa dé. Bí atẹ́gùn ṣe máa ń jẹ́ kí túùbù kẹ̀kẹ́ dúró roboto náà ni. Ó gbìyànjú ẹ̀, ó sì ṣiṣẹ́. Ọdún 1981 ló gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà tí wọ́n ń pè ní The Lancet. Láyé ìgbà yẹn, ńṣe ni wọ́n máa ń lẹ ìbòmú yẹn mọ́ aláìsàn lójú lálaalẹ́. Tòde òní ti dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ: ẹ̀rọ kékeré kan lórí tábìlì, ìbòmú kan, àti rọ́bà gígùn tó so méjèèjì pọ̀.

Rọ́bà yẹn gan-an ló gbé wa wá síbí.

Àbúrò Bàbá Ìbejì tó wà ní London ló fi ẹ̀rọ ránṣẹ́, dókítà sì bá a ṣètò bí atẹ́gùn ẹ̀ ṣe máa lágbára tó. Alẹ́ mẹ́ta péré ló lò ó. Tó bá yíra padà, rọ́bà á fa ìbòmú kúrò nímú ẹ̀, atẹ́gùn á máa fẹ́ sí i lójú. Tó bá tún yí sódì kejì, rọ́bà á lọ́ mọ́ ọn lọ́rùn. Ní nǹkan bí aago mẹ́ta òru, omi á ti máa dún gbọlọgbọlọ nínú ẹ̀, á sì ta sí i nímú. Ìyá Ìbejì tó ti padà wá sí yàrá bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ dà bí erin." Lọ́jọ́ kẹrin, ẹ̀rọ dèrò abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ìhanrun sì gba ipò ẹ̀ padà.

Ọmọkùnrin fítà kan tó ń tọ́jú kọmpúrẹ́sọ̀ níléeṣẹ́ wọn ló wá kí i. Ó rí ẹ̀rọ náà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó béèrè ohun tó dé. Nígbà tó gbọ́ tán, ó ní:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Rọ́bà atẹ́gùn tó wà níbi iṣẹ́ wa, ṣé ilẹ̀ la máa ń jẹ́ kó máa wọ́?"

"Rárá o, òkè la máa ń fi kọ́."

"Nítorí kí ni?"

"Kó má baà máa fa ẹnu ẹ̀ yọ ni. Kó má sì ká kò."

"Tílẹ̀ bá mọ́, kí la kọ́kọ́ ń ṣe sí kọmpúrẹ́sọ̀?"

"Omi inú ẹ̀ la kọ́kọ́ ń tú dànù."

"Ṣé ẹ ti rí i báyìí, ẹ̀gbọ́n? Ohun tẹ́ ẹ ti mọ̀ níbi iṣẹ́ láti ọjọ́ yìí ni. Ẹ kàn gbàgbé ẹ̀ sẹ́nu géètì ni."

Ẹ̀yin tó ní irú ẹ̀rọ yìí nílé, ẹ wá gbọ́ ohun tí wọ́n ṣe o.

Àkọ́kọ́, wọ́n gbé rọ́bà kúrò nílẹ̀. Wọ́n kan ìkọ́ kan mọ́ ògiri lókè ibi tí orí ẹ̀ máa ń wà, wọ́n fi aṣọ pẹlẹbẹ so rọ́bà rọ̀ síbẹ̀. Wọn ò fún un pa. Rọ́bà tó wọ́pọ̀ máa ń gùn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, ẹ jẹ́ kí èyí tó máa tó yín yíra padà sọ̀ kalẹ̀ síbi ìbòmú. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò lójú sán-án: ẹ wọ ìbòmú, ẹ yí sọ́tùn-ún, ẹ yí sósì. Tó bá ń fà yín, ẹ tú u sílẹ̀ díẹ̀ sí i. Lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, tiwọn kúrú jù, ó ṣì ń fa Bàbá Ìbejì nímú. Ọjọ́ kejì ni wọ́n tó rí i ṣe. Ẹni tí kò bá fẹ́ kanṣó mọ́ ògiri onílé lè gbé rọ́bà gba orí bẹ́ẹ̀dì kọjá, kó wá látẹ̀yìn orí. Àwọn ìbòmú kan tiẹ̀ wà tó jẹ́ pé àtàrí ni rọ́bà wọn ti ń jáde, kì í ṣe iwájú imú. Ìyẹn dáa fẹ́ni tó bá ń yírapadà gan-an.

Èkejì, ọ̀rọ̀ omi. Ẹ̀rọ yìí ní ike omi tó ń jẹ́ kí atẹ́gùn ní ọ̀rinrin. Tí atẹ́gùn tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ náà bá gba inú rọ́bà tó tutù kọjá, ó máa di omi, bó ṣe ń ṣe lára ìgò kóòkì tútù. Bàbá Ìbejì kọjú fáànù sí rọ́bà, òun ló fà á! Wọ́n yí fáànù sápá ibòmíì. Wọ́n gbé ẹ̀rọ sórí àpótí tó relẹ̀ ju bẹ́ẹ̀dì lọ, kí omi tó bá wà nínú rọ́bà má baà ṣàn wá síbi imú. Ìyá Ìbejì gbé gèlè àtijọ́ kan fún télọ̀ àdúgbò, ó bá a rán àpò gígùn tó wọ rọ́bà náà bí ìbọ̀sẹ̀. Àpò yẹn ń jẹ́ kí rọ́bà móoru, kì í sì í jẹ́ kí ike tútù máa kan èèyàn lára. Rọ́bà tó ní iná nínú tó ń mú un gbóná wà lọ́jà, ṣùgbọ́n owó ẹ̀ ga. Ẹ sì lè bi dókítà yín bóyá kẹ́ ẹ dín ọ̀rinrin yẹn kù, torí afẹ́fẹ́ tiwa níbí kì í ṣe afẹ́fẹ́ gbígbẹ.

Ẹ̀kẹta, rọ́bà tó tẹ́ẹ́rẹ́ wà. Èyí tó wọ́pọ̀, mìlímítà 22 ni wọ́n máa ń pè é, ti tẹ́ẹ́rẹ́ jẹ́ 15, ó sì fúyẹ́ jù. Ṣùgbọ́n ẹ rí i pé ẹ̀rọ yín gbà á, kẹ́ ẹ sì tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ pé irú ẹ̀ lẹ ń lò, kí atẹ́gùn má baà kéré jù.

Ó wá ku àwọn ohun tí ẹ ò gbọ́dọ̀ ṣe. Ẹ̀yin ará Odogunyàn, a mọ̀ yín, ọwọ́ yín kì í gbélẹ̀. Ẹ má lọ gé rọ́bà kọmpúrẹ́sọ̀ wá sílé o! Òórùn ọ́ìlì tó wà nínú ẹ̀, inú ẹ̀dọ̀fóró yín ló ń lọ. Tí rọ́bà bá ya, ẹ má fi gọ́ọ̀mù fọkanáísà lẹ̀ ẹ́, ẹ ra òmíì. Àwọn ihò wẹ́wẹ́ tó wà lára ìbòmú, ẹ má fi aṣọ bò wọ́n, ibẹ̀ ni èémí tẹ́ ẹ mí síta ń gbà jáde. Omi tí wọ́n ń bù sí bátìrì, ẹ má bù ú síke ẹ̀rọ, torí ásíìdì wà nínú òmíì. Ẹ lọ ra distilled water ní ṣọ́ọ̀bù oògùn. Ọṣẹ tí kò le àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lẹ máa fi fọ rọ́bà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kẹ́ ẹ sì sá a síbi tí òòrùn ò ti ní í pa á.

Èyí tó ń bà wá lẹ́rù jù ni jẹnẹrétọ̀. Atẹ́gùn tó wà nínú yàrá lẹ̀rọ yìí ń fà. Tí jẹnẹrétọ̀ bá wà lẹ́bàá wíńdò, èéfín ẹ̀ lẹ̀rọ á máa fẹ́ sí yín nímú mọ́jú, èéfín yẹn sì ń pààyàn. Ẹ gbé e jìnnà. Ẹni tágbára ẹ̀ bá ká a, kó ra bátìrì tó bá ẹ̀rọ ẹ̀ mu. Tẹ́ ẹ bá wà lórí bátìrì, ẹ pa ohun tó ń gbé omi gbóná, torí òun ló ń jẹ iná jù. Tí NEPA bá sì mú iná lọ lójijì, ẹ yọ ìbòmú.

Ẹ̀yin tó ń ra tòkunbọ̀ ńkọ́? Ní oṣù kẹfà ọdún 2021, iléeṣẹ́ Philips kéde pé fóòmù tó wà nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ èémí tí wọ́n ṣe ṣáájú ọjọ́ 26 oṣù kẹrin ọdún yẹn lè máa rún wẹ́wẹ́, kó bá atẹ́gùn wọ inú èèyàn. Nítorí náà, ẹ wo orúkọ àti nọ́ńbà tó wà nídìí ẹ̀rọ dáadáa kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹ má sì gba ẹ̀rọ ẹlòmíì lò láìjẹ́ pé dókítà tún un ṣètò fún yín.

Bàbá Ìbejì ńkọ́? A ò ní í purọ́ fún yín pé alẹ́ kan ló yanjú. Ó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó mọ́ ọn lára. Ó kọ́kọ́ ń wọ ìbòmú náà fún wákàtí kan tó bá ń wo tẹlifíṣàn, kó tó di pé ó ń wọ̀ ọ́ mọ́jú. Ìyá Ìbejì ti padà sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní àpò tí wọ́n fi gèlè rán yẹn lòun máa ń wò lóru báyìí, pé tóun bá ti rí i tó ń mì díẹ̀díẹ̀, ọkàn òun á balẹ̀ pé ọkọ òun ń mí. Níbi iṣẹ́, dókítà ti kọ̀wé sí wọn, wọ́n sì ti dá kọ́kọ́rọ́ fọ́kílíìfù padà fún un. Ọmọkùnrin tó yọ lọ́jọ́ yẹn ló kọ́kọ́ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Ẹ̀yin ìyàwó, ẹ̀yin ọkọ, tẹ́ ẹ bá gbọ́ tí ìhanrun ẹnì kejì yín ń ga tó wá dákẹ́ lójijì, ẹ má sọ pé ẹ rí ìsinmi. Ẹ ka iye ìṣẹ́jú àáyá tó lò kó tó mí, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì mú un lọ sí ọsibítù. Ẹ lè ti Jẹ́nẹ́rà Ìkòròdú bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ ríru ẹ̀, kí wọ́n sì sọ ibi tó kàn fún yín. Àwọn dókítà ọ̀fun, etí àti imú wà ní LASUTH n'Íkẹjà, wọ́n wà ní LUTH n'Ídì-Àràbà. Tí wọ́n bá sì fún yín lẹ́rọ, tí rọ́bà ẹ̀ ń yọ yín lẹ́nu, ẹ wá fítà kan ní Odogunyàn kó bá yín wò ó bó ṣe yẹ kẹ́ ẹ fi kọ́. Ìyẹn dáa ju kó dèrò abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ sùn ire o, kẹ́ ẹ sì jí ire.