Ọmọ Ajá Kò Lágídí, Àwa La Kì Í Sí Nílé

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Ẹ ò ní rìn jìnnà láàárín àwọn ilé tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ háyà ní Ìjagun àti ní ìgboro Ìjẹ̀bú-Òde kí ẹ tó rí ọgbà tí ẹnì kan ti gbé ọmọ ajá wọ̀ ní sáà yìí. Ibi tí ajá náà ti lo oṣù mẹ́fà ló ṣòro láti rí. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, fọ́tò rẹ̀ ló kún orí WhatsApp wa. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, òórùn ìtọ̀ ti gba yàrá. Tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ọ̀rọ̀ ti di "ẹ bá mi wá ẹni tó máa gbà á." Bí kò bá sí ẹni tó gbà á, ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ló ń parí sí.

Ẹ̀sùn kan náà la máa ń fi kàn án: ó lágídí, ó ń tọ̀ sílé, ó yàgbẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì, kò gba ẹ̀kọ́. Irọ́ ni. Ọmọ ajá tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta kò mọ ohun tó ń jẹ́ agídí. Ẹni tó yẹ kó ṣílẹ̀kùn fún un ni kò sí nílé. Ẹ má sì rò pé ṣe la jókòó sórí àga ìdájọ́, nítorí àwa tí à ń kọ èyí náà ti jẹ̀bi rí.

Márùn-ún ni wá nínú ilé yàrá mẹ́ta. A dá owó jọ, a ra ọmọ ajá kan lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń tà wọ́n lẹ́bàá títì. Ó ní ọmọ oṣù méjì ni. Ó kéré débi pé inú báàgì ìwé la gbé e sí wálé. A sọ ọ́ ní Káríófà. (Láyé àtijọ́, orúkọ ajá ni Yorùbá fi ń sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí aládùúgbò. Tiwa, ara wa la sọ ọ́ sí.) Nígbà tí a gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko fún abẹ́rẹ́, dókítà la ẹnu rẹ̀, ó rí i pé eyín rẹ̀ kò tíì hù tán, ó ní ọmọ yìí kò tíì tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta tí wọ́n fi pa irọ́ fún wa yẹn kì í ṣe nǹkan kékeré. Ọmọ ajá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí kò lè dá tọ̀ fúnra rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló máa ń fi ahọ́n lá a nídìí kí ìtọ̀ tó jáde, òun náà ló sì ń lá a mọ́. Tó bá tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ti ń rìn, á bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò níbi tí wọ́n ń sùn, á lọ tọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Àárín ìgbà yẹn sí ọ̀sẹ̀ kẹjọ, lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀, ni ìwà yìí ti ń fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà ẹranko fi ń sọ pé kí a má gba ọmọ ajá kúrò lọ́mú kó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Èyí tí wọ́n já gbà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, tí wọ́n kó mọ́ mẹ́wàá mìíràn nínú kéèjì ẹlẹ́gbin, ti sùn nínú ìgbẹ́ ara rẹ̀ títí kò fi kà á sí mọ́. Ẹni tó ra irú rẹ̀ ti ra iṣẹ́ àtúnṣe mọ́ ọn.

Orí ìwà àbínibí yìí náà ni ọ̀rọ̀ àgò dúró lé. Àgò kì í ṣe ẹ̀wọ̀n. Ajá kì í fẹ́ ba ibi tó ń sùn jẹ́, nítorí náà bí àgò bá kàn gbà á láti dìde, láti yí padà àti láti nà gbalaja, á gbìyànjú láti mú ìtọ̀ mọ́ra títí wọn á fi ṣí i. Bí àgò bá tóbi jù, á tọ̀ sí igun kan, á lọ sùn sí ìkejì. Èyí tí a rà lọ́jà Òkè-Àjẹ, irú tí àwọn aládìẹ ń lò, gba ogún adìẹ láìfún mọ́ra. Káríófà sọ ọ́ di rúùmù àti pálọ̀, ó tún yọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sí i.

Ṣùgbọ́n "á gbìyànjú" la wí. A ò ní "á ṣe é dandan." Àpò ìtọ̀ ọmọ ajá kò ju bó ṣe mọ lọ. Ìṣirò tí àwọn tó ń kọ́ ajá máa ń lò ni pé kí ẹ mú iye oṣù rẹ̀, kí ẹ fi ẹyọ kan kún un; iye wákàtí tó lè mú un mọ́ra lọ́sàn-án kò lè ju ìyẹn lọ. Ọmọ oṣù méjì, wákàtí mẹ́ta ni òpin rẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í débẹ̀. Ní ti ọmọ ọ̀sẹ̀ márùn-ún tàbí mẹ́fà, ìṣirò náà kò tíì kàn án.

A ní lẹ́kíṣọ̀ aago mẹ́jọ. A tì í mọ́ inú àgò ní aago méje, lábẹ́ páànù ní ẹ̀yìn ilé, a padà dé ní aago mẹ́rin. Wákàtí mẹ́sàn-án gbáko. Ó ti tẹ ìgbẹ́ ara rẹ̀ kiri, ó ti da omi nù, ooru ti mú un, ohùn rẹ̀ ti há. Kí la wá ṣe? A bínú. A di ọrùn rẹ̀ mú, a fi imú rẹ̀ kan ìtọ̀ nílẹ̀, a gbá a létí, torí bí gbogbo èèyàn ṣe ní wọ́n ń ṣe é nìyẹn.

Ojú ń tì wá láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wà. Ajá kì í so ìyà tí ẹ fi jẹ ẹ́ ní aago mẹ́rin mọ́ ìtọ̀ tó tọ̀ ní aago mẹ́wàá. Ohun tó wà níwájú rẹ̀ lásìkò yẹn nìkan ló ń rí: èèyàn dé, ìtọ̀ wà nílẹ̀, ìyà dé. Ohun tó rí kọ́ níbẹ̀ ni pé kò gbọdọ̀ tọ̀ lójú wa. Láti ọ̀sẹ̀ yẹn, ẹ̀yìn dúrọ́ọ̀mù omi ló ń lọ, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ń lọ. Bí a bá sì gbé e jáde, á kàn jókòó, á máa wò wá. Ká tó wọlé tán, ó ti sáré lọ sẹ́yìn dúrọ́ọ̀mù. A ní, "Ẹ ò rí agídí!" Àwa la kọ́ ọ.

Ìyá onílé wa ló kọ́kọ́ bá wa wí bó ṣe yẹ. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, ó wo àgò, ó wò wá. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ẹ ti ọmọ ajá mọ́ inú àgò látàárọ̀, ẹ wá ń bínú pé ó yàgbẹ́. Níbo lẹ fẹ́ kó yà á sí?" Kò sẹ́ni tó rí èsì fọ̀. A ní, "Ẹ má bínú, Màmá." Ó ní àwọn ò kọ́ ajá kankan ní ìgbẹ́ yíyà nígbà tí òun wà lọ́mọdé.

Òótọ́ ni Màmá sọ, ó sì yẹ ká ronú lé e. Ajá àwọn bàbá wa kì í sùn ní yàrá. Ẹ̀yìnkùlé ló ń gbé, ilẹ̀kùn kò tì mọ́ ọn, igbó wà nítòsí, àwọn ajá àgbà wà níwájú tó ń tẹ̀ lé. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni fẹ́ kọ́ ọ. Àwa la gbé e wọ inú yàrá onítáìsì tí fèrèsé rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. Ìyẹn ni pé ìgbé ayé tiwa ló dá ìṣòro yìí sílẹ̀, ọwọ́ wa náà ni àtúnṣe rẹ̀ wà.

A dín àgò náà kù: a fi páálí dínà àárín rẹ̀, a sì gbé e kúrò lábẹ́ páànù wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Lẹ́yìn náà la kọ àtẹ sára ògiri, bíi ti ẹni tó máa pọn omi. A to tímútébù àwa márààrún pọ̀, a wo ẹni tó máa wà nílé ní aago mẹ́wàá, ní aago méjìlá, ní aago méjì. Ọjọ́ Tuesday kò ṣeé tò rárá. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ fi ọ̀kadà wálé láàárín lẹ́kíṣọ̀ méjì, owó ọ̀kadà náà sì wà nínú owó tí à ń dá. Ohun tó bá ti jí lójú oorun, tó bá jẹun tán, tó bá ṣeré tán, a gbé e jáde. Ibì kan náà la ń gbé e lọ, ọ̀rọ̀ kan náà la sì ń sọ: "Ó yá, tọ̀." Bó bá ti ń parí báyìí, lójú ẹsẹ̀, a fún un ní ìrépé ẹran, a yìn ín. Bó bá tọ̀ sílé, a nù ún, kò sí ariwo. Omi àti ọṣẹ nìkan kì í pa òórùn náà tán ní imú ajá, nítorí náà a máa ń fọ ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, a ò sì jẹ́ kó débẹ̀ kó tó gbẹ.

Ibi tí à ń gbé e lọ yẹn náà gba ìṣọ́ra. Ọmọ ajá tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ kò tíì pé kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ tí ajá ẹlòmíràn ti ń yàgbẹ́, nítorí àrùn tí wọ́n ń pè ní parvo. Láti ìparí àwọn ọdún 1970 ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n láyé. Inú ìgbẹ́ ajá tó ní in ló ń gbà jáde, ó lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, ó sì lè pa ọmọ ajá láàárín ọjọ́ díẹ̀. Igun ẹ̀yìnkùlé tí ajá mìíràn kì í dé la lò. Ẹni tí kò bá ní irú ẹ̀, kó da iyẹ̀pẹ̀ sínú agbada pẹrẹsẹ.

Ohun kan tún wà tí a kò rò tẹ́lẹ̀. Ọ̀kan nínú wa ń kírun, kò sì fẹ́ kí itọ́ ajá kan aṣọ tàbí ẹní ìrun òun. Àwa yòókù ti dá owó ajá kí a tó bi í léèrè dáadáa. Ní Ìjẹ̀bú-Òde tí Mùsùlùmí pọ̀ sí báyìí, ó yẹ ká ti bi í. Ìhà kejì ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni àgò wà báyìí, iṣẹ́ tirẹ̀ lórí àtẹ sì ni oúnjẹ àti omi.

A mọ̀ pé àwọn kan á ní ìwà òyìnbó ni gbogbo èyí, pé ta ló ń fi sùúrù kọ́ ẹranko. Kí wọ́n wá sí Ojúde Ọba ní ọjọ́ kẹta Iléyá. Ìbọn ń dún, ìlù ń dún, èrò pọ̀ bí eṣú, ẹṣin sì ń jó lábẹ́ ọmọ ìdílé Balógun tó gùn ún. Ẹ bi wọ́n bóyá ọjọ́ tí wọ́n ra ẹṣin náà ló ti mọ̀ ọ́n jó.

Àwọn mìíràn á ní ìwé la wá kà, a ò wá ṣọ́ ajá. A gbà pẹ̀lú wọn pátápátá. Kí wọ́n má rà á nìyẹn. Ẹni tí kò bá lè dárúkọ èèyàn tó máa wà nílé ní aago mẹ́wàá, méjìlá àti méjì, kò gbọdọ̀ gba ọmọ ajá tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta, ì báà jẹ́ ọ̀fẹ́. Ajá ìbílẹ̀ ọmọ oṣù mẹ́fà sí mẹ́jọ wà káàkiri tó ń wá olówó. Ó lè mú ìtọ̀ mọ́ra, oòrùn ilẹ̀ wa kò ṣàjèjì sí i, kò sì wọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń gbé ìpolówó "ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó ti ń dá jẹun" sórí ẹgbẹ́ WhatsApp wa, ẹ dákun, ẹ dáwọ́ rẹ̀ dúró. Ẹni tó bá fẹ́ rà, kó ní kí wọ́n fi ìyá rẹ̀ han òun, kó sì wo bí ibi tí wọ́n ń sùn ṣe mọ́ tó.

Nítorí èyí tí a já sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà kò pòórá. Bó bá yè é, á dàgbà láìgba abẹ́rẹ́, yóò máa rìn láàárín àwọn ọmọ iléèwé. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ajá ló ń kó àrùn dìgbòlugi ran èèyàn nínú ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tó ń yè é lẹ́yìn tí àmì rẹ̀ bá ti hàn. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ fún ajá máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta, ìgbà tí ọ̀pọ̀ wa ti lé ajá dànù tán. Bí ajá bá bu ẹnikẹ́ni jẹ, kó fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kó sì gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Káríófà ti pé oṣù márùn-ún. Ó gbà wá ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kó tó jáde kúrò ní ẹ̀yìn dúrọ́ọ̀mù. Ó ń sùn láti aago mọ́kànlá alẹ́ di aago mẹ́fà àárọ̀ láìtọ̀, àyàfi bí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò bá ṣàdéédé dún lóru. Ìdánwò ń bọ̀, lẹ́yìn rẹ̀ kálukú á gba ilé lọ. Ọ̀kan nínú wa tí ilé wọn wà ní Àgọ́-Ìwòyè ló ti gbà láti mú un lọ fún ìsinmi. Ìyá rẹ̀ ní ajá kankan kò gbọdọ̀ wọ pálọ̀ òun. A ti fi dá wọn lójú pé àgò náà ń bá a bọ̀, tòun ti páálí tí a fi dín in kù.