Ẹ Má Fi Aṣọ Funfun Bo Ọ̀rọ̀ Mark Twain Mọ́lẹ̀

Sí Olóòtú,

Mo ka ohun tí ẹ kọ lórí ọjọ́ ogbó Mark Twain, òǹkọ̀wé Amẹ́ríkà nì, mo sì rẹ́rìn-ín dáadáa. Ṣùgbọ́n mo ní ẹjọ́ tí mo fẹ́ bá yín rò. Ẹ sọ ti aṣọ funfun, ẹ sọ ti sìgá, ẹ sọ ti ìròyìn òfegè tó pa á lọ́dún 1897 nígbà tí ara rẹ̀ le koko ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ kò fẹnu ba Kóńgò rárá.

Ẹ̀yin kọ́ lẹ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Báyìí náà ni àwọn oníròyìn ìgbà ayé bàbá náà ṣe. Lóṣù Kejìlá 1906, ó lọ bá àwọn aṣòfin ní Washington lórí ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé sí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Aṣọ tó wọ̀ ló gba iwájú ìròyìn. Lọ́dún 1907, kùrukùru dá ọkọ̀ ojú omi tó wọ̀ dúró ní etíkun Virginia, wọ́n ní òkun ti gbé Mark Twain lọ. Òun náà ní òun yóò wádìí ọ̀rọ̀ ọ̀hún wò!

Ọkùnrin yìí kan náà ni ọ̀kan nínú àwọn igbákejì ààrẹ ẹgbẹ́ tó ń tako bí Amẹ́ríkà ṣe ń gba ilẹ̀ onílẹ̀ ní Filipíìnì, láti 1901 títí tó fi kú ní 1910. Lọ́dún 1905, ó gbé Leopold, ọba Bẹ́ljíọ̀mù tó sọ Kóńgò di oko ara rẹ̀, sínú ìwé, ó fi ẹnu ọba náà tú àṣírí rọ́bà àti ọwọ́ tí wọ́n ń gé nítorí rẹ̀. Lọ́dún yẹn náà ló kọ àdúrà ogun rẹ̀ láti tako ogun. Ìwé ìròyìn tó fi ránṣẹ́ sí kọ̀ ọ́, ó di 1923 kó tó jáde.

Ẹ ní ìbànújẹ́ ló mú ẹnu rẹ̀ korò. Lóòótọ́, ó sin Susy ọmọ rẹ̀, ó sin ìyàwó rẹ̀, ó sin Jean tóun náà jẹ́ ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀fọ̀ kọ́ ló gé ọwọ́ àwọn ará Kóńgò. Ẹni tó bá ka ìbínú bàbá yìí sí àìsàn arúgbó ti gba Leopold sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Bí àyè bá wà, ẹ tẹ àlàyé jáde lórí ìwé Leopold yẹn. Ẹ lè fi àwòrán aṣọ funfun náà sí i, kò ṣe nǹkan kan.

Òǹkàwé yín,
Ìbàdàn