Kírìmù Ọjọ́ Mẹ́ta Kò Wo Ojú Sàn

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin àbúrò mi lọ́jà Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, ọ̀rọ̀ ojú wa ni mo fẹ́ sọ lọ́tẹ̀ yìí.

Irorẹ́ tí kì í tán, àbàwọ́n dúdú ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, ojú tó ń yúnni láti ọdún dé ọdún, kì í ṣe ohun ìtìjú. Ẹni tó jókòó sí Sábó láti àárọ̀ tí oòrùn ń pa, ẹni tó ń yan ẹja l'Ẹ́pẹ́ tí iná ń fẹ́ sí lójú, ojú wọn á jìyà. Ohun tí mo takò ni tíúbù kékeré tí à ń rà lọ́wọ́ ara wa láìjẹ́ pé dókítà kọ ọ́.

Oògùn kan wà nínú rẹ̀ tí òyìnbó ń pè ní steroid. Ẹ ó rí clobetasol tàbí betamethasone lára páálí rẹ̀. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, yíyún á lọ, ojú á máa dán, wọ́n á ní "Ìyá, ẹ mà ń tàn o!" Ẹ fi í sílẹ̀ báyìí, gbogbo rẹ̀ á padà, á tún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Lẹ bá tún sáré lọ ra òmíràn. Bí àìsàn ọ̀sẹ̀ méjì ṣe ń di ti ọdún mẹ́wàá nìyẹn. Bó bá jẹ́ làpálàpá ni, ńṣe ló ń bò ó mọ́lẹ̀, tí á máa tàn ká lábẹ́lẹ̀. Awọ ojú á fẹ́lẹ́ bíi bébà, ọgbẹ́ kékeré kò ní tètè jinná.

Èyí tí wọ́n pò sínú ike tí kò lórúkọ tún burú jù. Mẹ́kúrì lè wà nínú rẹ̀, ó ń ba kíndìnrín jẹ́, ó sì lè ṣe ọmọ inú oyún léṣe. Àwọn apẹja Minamata ní Japan mọ ìyà mẹ́kúrì láti 1956, nígbà tí ilé iṣẹ́ kan ń dà á sínú òkun tí wọ́n ti ń pẹja. Orúkọ ìlú yẹn ni wọ́n fi pe àdéhùn àgbáyé ọdún 2013 lórí mẹ́kúrì. Hydroquinone náà, bó bá pẹ́ lójú, dúdú tí kì í ṣí ló ń dà síbẹ̀. Gánà fòfin dè é nínú ìpara ní 2016.

Àwọn kan á ní Akọ̀wé fẹ́ ba ọjà àwọn onípara jẹ́. Rárá o, ọmọ ẹgbẹ́ wa ni wọ́n. Kí wọ́n máa ta vaseline, ọṣẹ, àti ìpara tí a kọ ohun inú rẹ̀ sí i lára. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi nọ́ńbà NAFDAC tàn yín: oògùn gidi náà ní nọ́ńbà, ìyẹn ò ní ká máa fi í pa ojú lójoojúmọ́.

Mo mọ̀ pé ọsibítù ń pa ọjà odidi ọjọ́ kan. Ẹ wá ro iye tíúbù tí ẹ rà láti ọdún tó kọjá. Fún irorẹ́, ẹ béèrè benzoyl peroxide ní kẹ́místì tó ní ìwé ẹ̀rí, ẹ fi díẹ̀ pa á lálẹ́, ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ. Ọṣẹ dúdú tó ń ta ojú, ẹ fi í fọ ẹsẹ̀. Ẹ dé fìlà etí gbòòrò. Bí kò bá lọ, Jẹ́nẹ́rà wà ní Ìkòròdú, ó wà l'Ẹ́pẹ́. Wọ́n lè kọ̀wé sí LASUTH n'Íkẹjà. Ẹni tó ti ń lo tíúbù láti ọjọ́ pípẹ́, kó má dá a dúró lójijì, kí dókítà bá a dín in kù.

Mo ti kọ ọ́ sínú ètò ìpàdé wa: kí a má ta àpòpọ̀ aláìlórúkọ ní ìsọ̀ wa mọ́. Kí kálukú mú tíúbù tó ń lò dání, àwọn ọmọ tó mọ̀wé á bá wa ka ohun tó wà lára rẹ̀.