Ẹ Jẹ́ Kí Òjìji Igbó Ọ̀ṣun Wà Nínú Àwòrán

Mo ní ẹ̀sùn láti fi kan ọ̀pọ̀ ayàwòrán tí ń lọ sí Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo: iná orí kámẹ́rà ni wọ́n fi ń pa ohun tí wọ́n wá yà. Mo ti rí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ nínú kàlẹ́ńdà àti lára ògiri ilé ìtura. Ère a funfun báláú, ẹ̀yìn rẹ̀ a ṣókùnkùn biribiri. Igi kò sí níbẹ̀, odò kò sí. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá kò ní í fi ẹsẹ̀ tẹ igbó yìí láéláé. Àwòrán ni wọn yóò fi mọ̀ ọ́n.

Igbó náà tó hẹ́kítà 75, àjọ UNESCO sì fi í sínú àkójọ ogún àgbáyé ní ọdún 2005. Láti nǹkan bí ọdún 1960 ni Susanne Wenger, Àdùnní Olórìṣà, tí ó kú ní ọdún 2009, àti àwọn oníṣẹ́ ọnà bí Adébísí Àkànjí ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi sìmẹ́ńtì mọ ère sí abẹ́ igi rẹ̀. Bí oòrùn bá ti ń yọ́ gba àárín ewé wọlé, bẹ́ẹ̀ ni ojú àti apá ère ń hàn díẹ̀díẹ̀. Òjìji ni ó ń fún ère ní ara.

Iná orí kámẹ́rà kò lè ṣe èyí. Iwájú gan-an ni ó ti ń tàn, nítorí náà gbogbo kòtò àti gegele ara ère a di pẹrẹsẹ. Kò sì lágbára láti rìn jìnnà. Ìmọ́lẹ̀ tí ó bá kan ohun tí ó wà ní mítà 2, ìdá kan nínú 4 rẹ̀ ni yóò kan èyí tí ó wà ní mítà 4. Ìdá kan nínú 16 ni yóò dé mítà 8. Ewé ìtòsí yóò funfun. Ère tí gbòǹgbò, omi tàbí èèwọ̀ kò jẹ́ kí a sún mọ́ yóò dúdú.

Wọn a ní òkùnkùn ibẹ̀ ti pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ère kì í sáré. Ẹ gbé kámẹ́rà lé ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, kí ẹ ṣí ojú rẹ̀ fún odindi ìṣẹ́jú-àáyá kan dípò ìdá kan nínú 60 rẹ̀: ìmọ́lẹ̀ tí yóò wọlé yóò di ìlọ́po 60. Bí ewé bá mì, ẹ jẹ́ kí ó mì. Igbó tí ó wà láàyè ni. Bí igun kan bá ṣú jù, kí ẹnì kan na aṣọ funfun síbi tí oòrùn ti ń ta, kí ó fi dá ìmọ́lẹ̀ padà sára ère láti ẹ̀gbẹ́. Bí iná bá di dandan, kí a gbé e kúrò lórí kámẹ́rà.

Àwọn olùjọsìn ńkọ́, tí wọn kì í dúró sójú kan? Kámẹ́rà òde òní ń ríran níbi tí fíìmù àtijọ́ kò ti lè ríran. Bí àwòrán tilẹ̀ rí wóró-wóró bí iyanrìn, mo fara mọ́ ọn ju èyí tí ó mọ́ kedere tí ó sì ń purọ́.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹni tí ó wọ igbó tí ó sì kọ́kọ́ tan iná sí i lójú kò tíì wò ó. Kí ó jókòó ná, kí òkùnkùn náà mọ́ ọn lójú, kí ó tó yọ kámẹ́rà.