Wọ́n ní ká má gbọ́ ọ, la bá ń wá a kiri

Bí ìyá kan bá fẹ́ kí ọmọ ẹ̀ ṣí ìkòkò ọbẹ̀ wò, kó ṣáà ti sọ fún un pé kò gbọdọ̀ ṣí i. Kí ìyá tó yíjú padà, ẹran ti dín kan. Ọgbọ́n kékeré yìí ni àwọn tó ń ṣèjọba lé wa lórí ò tíì kọ́ títí dòní, bó bá ti di ọ̀rọ̀ orin.

Lóṣù kẹrin, ọdún 2025, Eedris Abdulkareem gbé orin kan jáde tó pè ní Tell Your Papa. Seyi, ọmọ Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú, ló rán níṣẹ́ nínú orin náà pé kó bá wọn sọ fún bàbá ẹ̀ pé ìyà ń jẹ aráàlú. Àwọn kan wà tí wọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé ọkùnrin náà ṣì ń kọrin. Àfi bí àjọ NBC, ìyẹn àwọn tó ń ṣọ́ rédíò àti tẹlifíṣàn, ṣe kọ lẹ́tà lọ́jọ́ kẹsàn-án oṣù náà, wọ́n ní iléeṣẹ́ kankan ò gbọdọ̀ gbé e sáfẹ́fẹ́. Wàhálà dé! Ẹni tí kò ní í gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀ ń bi ará ilé ẹ̀ pé, “Kí ló tiẹ̀ wí gan-an?” Fóònù wà lọ́wọ́ kálukú, lẹ́tà NBC ò sì ráyè débẹ̀. Bí Eedris bá sanwó fún alápolówó, ṣé ó lè rí irú èyí?

Kì í ṣèní, kì í ṣàná. Ní 2004, nígbà tí Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ wà nípò ààrẹ, wọ́n ní Jaga Jaga tí Eedris yìí kan náà kọ ò gbọdọ̀ dún lórí rédíò mọ́. Inú bí bàbá gan-an. Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Orin náà ń dún nínú dánfó, ó ń dún níbi àríyá. Títí dòní, bí iná bá lọ lójijì, jágajàga lọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ ń bọ́ lẹ́nu àwọn mìíràn.

Àwọn baba wa gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ni wọ́n ní ọba kì í pa ọ̀kọrin. Ní Kétu, bí Ẹ̀fẹ̀ bá jáde lóru Gẹ̀lẹ̀dẹ́, kò sẹ́ni tó tóbi jù tí kò lè fi kọrin. N’Íbàdàn, lọ́jọ́ ọdún Òkèbàdàn, bí olówó bá gbọ́ èébú, kó rọra fẹyín ni. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tó bá ráyè fi orin sọ tinú ẹ̀, kò ní í wá kùmọ̀.

Àmọ́ o, kì í ṣe gbogbo ẹ̀ lèèyàn ń rẹ́rìn-ín sí. Ní 1964, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ládòkè Akíntọ́lá, fòfin de Hubert Ògúndé àtẹgbẹ́ ẹ̀ nítorí eré Yorùbá Ronú. Ó di 1966, lẹ́yìn táwọn sójà gbàjọba, kí Gómìnà Adékúnlé Fájuyì tó tú wọn sílẹ̀. Lóòótọ́, eré náà ò kú. Ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ́ pé tíátà ló fi ń bọ́ ìyàwó àtọmọ, ta ló san owó àsìkò yẹn padà fún un? Fẹlá ńkọ́? Ó gbé Zombie jáde ní 1976. Lóṣù kejì, ọdún 1977, àwọn sójà ya wọ Kalakuta, wọ́n dáná sun ún, wọ́n ju ìyá ẹ̀, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì, láti ojú fèrèsé. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni màmá náà kú.

Ta wá ni òfin 2025 yìí mú gan-an? Eedris kọ́. Ọmọ tó ní fóònù kọ́. Atọ́kùn ètò tí ìwé-àṣẹ iléeṣẹ́ ẹ̀ wà lọ́wọ́ NBC ni, tó ti ń fọ ọ̀rọ̀ mọ́ra lẹ́nu kó tó sọ ọ́. Ìyá aláta tí kò ní dátà, tó jẹ́ pé rédíò kékeré abẹ́ àtẹ ẹ̀ nìkan ló ń gbọ́, òun náà ni. Ìyẹn ni pé orin tí wọ́n kọ nítorí ìyà tó ń jẹ ìyá aláta, ìyá aláta gan-an ni wọ́n ní kó má gbọ́ ọ.

Kò burú. Ó kúkú mọ iye tó ra tòmátò láàárọ̀ yìí. Kò dúró gbàṣẹ lọ́wọ́ NBC kó tó mọ̀ ọ́n.