Ojú Ewé Ìdílé: Níbo ni Alùpùpù Yín ń Sùn?



Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí jẹ mọ́ ohun kan tí ó ń wọ inú àgbàlá wa díẹ̀díẹ̀, èyíinì ni alùpùpù tí kì í mu ẹ̀sáǹsì, tí ó jẹ́ pé iná mànàmáná inú bátìrì ni ó ń gbé e rìn. Láti ọdún 2022 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ lọ́wọ́ àwọn onízẹmijan ní Kútọnu àti ní Lómè. Nígbà tí ìjọba Nàìjíríà sì yọ owó ìrànwọ́ orí epo kúrò ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí kpayó wọ́n ní ẹ̀bá ọ̀nà wa, ọ̀pọ̀ baálé ilé ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í ronú pé ó sàn kí òun náà ra irú alùpùpù yìí.

A kò kọ̀wé láti dẹ́rù bà yín. Ẹ̀sáǹsì tí a ti mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ṣì ni ó ń ba ilé jẹ́ jù láàárín wa. Ta ni ó lè gbàgbé ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, nígbà tí ibi ìkó-epo-sí gbiná ní agbègbè Sèmè-Podji, tí ó sì pa ènìyàn tí ó lé ní 30? Ní orílẹ̀-èdè Swídìn, nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ oníná mànàmáná bí 611,000 tí wọ́n ní ní ọdún 2022, 23 péré ni ó gbiná ní ọdún náà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń sọ pé ẹ̀rọ èṣù ni, kò sọ òtítọ́.

Ṣùgbọ́n bí iná rẹ̀ kò tilẹ̀ wọ́pọ̀, kò jọ iná tí a mọ̀. Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé rẹ̀. Bátìrì yìí, tí wọ́n ń pè ní bátìrì lítíọ́ọ̀mù, kì í ṣe ẹyọ kan. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ bátìrì kéékèèké ni wọ́n tò pọ̀ sínú àpótí kan. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, apá méjì ni ó wà, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ni ó sì pààlà sí àárín wọn. Bí awọ náà bá ya, yálà nítorí pé wọn kò ṣe é dáadáa ní ilé iṣẹ́, tàbí nítorí pé alùpùpù ṣubú tí àpótí sì tẹ̀ wọnú, tàbí nítorí pé iná tí a gbà sí i pọ̀ jù, apá méjèèjì yóò fara kan ara wọn, ooru ńlá yóò sì dé lójijì. Ọ̀kan yóò ran èkejì, èkejì yóò ran ẹ̀kẹta, gẹ́gẹ́ bí iná ọ̀dàn ti ń ràn ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Èéfín rẹ̀ ní májèlé nínú. Iyanrìn tí a fi ń pa iná ẹ̀sáǹsì kò lè pa èyí, nítorí pé láti inú ni ooru rẹ̀ ti ń wá. Omi púpọ̀ ni àwọn panápaná fi ń mú un tutù, bí ó bá sì ti kú tán pàápàá, ó lè tún gbiná lẹ́yìn wákàtí púpọ̀ tàbí lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan.

Ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ ní ibòmíràn yẹ kí ó kọ́ wa lọ́gbọ́n. Ní ìlú Secunderabad, ní Íńdíà, ní ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, iná sẹ́ ní ibi tí wọ́n ti ń ta alùpùpù oníná mànàmáná ní ìsàlẹ̀ hòtẹ́ẹ̀lì kan. Èéfín gba ọ̀nà àtẹ̀gùn gòkè lọ bá àwọn àlejò nínú yàrá wọn, ènìyàn 8 sì kú. Ní ìlú New York, ní ọdún 2023 nìkan, irú bátìrì báyìí dá iná 268 sílẹ̀, ó sì pa ènìyàn 18. Ọ̀pọ̀ nínú wọn wá láti ara kẹ̀kẹ́ àti alùpùpù kékeré tí àwọn òṣìṣẹ́ ń gbé wọ ilé. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá pàápàá kò bọ́ nínú rẹ̀. Ní ọdún 2021, General Motors ti Amẹ́ríkà pe gbogbo ọkọ̀ Chevrolet Bolt tí ó ti tà padà fún àtúnṣe bátìrì, wọ́n sì lé ní 140,000. Kí ni wọ́n sọ fún àwọn tí ó ni ọkọ̀ náà kí àtúnṣe tó dé? Wọ́n ní kí wọ́n máa gbé e sí ìta, kí wọ́n má sì ṣe fi sílẹ̀ lórí iná mọ́jú.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti kan ilé wa. Gbogbo wa ni a mọ ohun tí a ń ṣe nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú. Olè kò jẹ́ kí a fi alùpùpù sílẹ̀ níta. Baálé ilé yóò tì í wọlé, yóò gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ní ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, kí ó tó lọ sùn. Ìyá àti àwọn ọmọ wà ní yàrá inú. Bí ó bá wá jẹ́ oníná mànàmáná, níbẹ̀ náà ni wọn yóò ti so ó mọ́ iná títí di òwúrọ̀, ní ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo tí ilé ní. Bí ohun kan bá ṣẹlẹ̀ ní òru, iná ni ó dúró sí ẹnu ọ̀nà, àwọn ènìyàn sì wà nínú. Ẹni tí ó ń ṣọ́ ohun ìní rẹ̀ lọ́wọ́ olè ti fi ọmọ rẹ̀ sí ẹ̀yìn iná láìmọ̀.

Nínú Ìwé Deuteronómì, orí 22, Ọlọ́run pàṣẹ fún ẹni tí ó bá kọ́ ilé tuntun pé kí ó ṣe ìgbátí yí òrùlé rẹ̀ ká, kí ẹnikẹ́ni má bàa ti ibẹ̀ ṣubú, kí ẹ̀jẹ̀ má sì wà lọ́rùn ilé náà. Ẹ wò ó, kì í ṣe apànìyàn ni Ọlọ́run ń bá wí níbẹ̀. Baálé ilé tí ó gbàgbé láti dáàbò bo àwọn ará ilé rẹ̀ ni. Òfin karùn-ún tí a ń kọ́ àwọn ọmọ wa nínú katekísìmù kò dúró lórí idà àti ìbọn nìkan.

Nítorí náà, a bẹ̀ yín, ẹ fi nǹkan wọ̀nyí sọ́kàn.

Èkíní, ẹ máa gba iná sí bátìrì ní ọ̀sán, nígbà tí ẹnì kan wà nílé tí ojú rẹ̀ sì là. Ẹ má ṣe gbà á sí i ní òru nígbà tí gbogbo ilé ti sùn.

Èkejì, ẹ má ṣe gbé e sí ẹnu ọ̀nà, sí abẹ́ àtẹ̀gùn, tàbí sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. Bí bátìrì bá ṣeé yọ, orí sìmẹ́ńtì ni kí ẹ gbé e lé, kí ó jìnnà sí ẹní, sí aṣọ, àti ní pàtàkì jùlọ, sí ìgò kpayó. Ẹ̀yin tí ẹ jùmọ̀ ń gbé inú àgbàlá kan, ẹ lè jọ kọ́ abà kékeré onípáànù, kí ẹ fi ṣẹ́ẹ̀nì de àwọn alùpùpù yín mọ́ òpó. Ẹ̀yin tí ẹ ń pààrọ̀ bátìrì ní ibùdó, ẹ kò ní láti so ó mọ́ iná nílé, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà gbọ́dọ̀ ṣí sílẹ̀ síbẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ohun ìgbaná tí wọ́n tà pẹ̀lú rẹ̀ nìkan ni kí ẹ lò. Èyí tí ó wọ ihò rẹ̀ ní ọjà lè máà bá a mu. Bí iná bá lọ, ẹ yọ ọ́, nítorí pé nígbà mìíràn iná a máa padà dé pẹ̀lú agbára. Ẹ má sì jẹ́ kí mẹkáníìkì tí kò kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ tú àpótí náà.

Ẹ̀kẹrin, bí alùpùpù bá ṣubú lulẹ̀ gidigidi, bí bátìrì bá wú, bí ó bá ń rùn tàbí tí ó ń dún bí ejò, ẹ má ṣe gbé e wọlé. Ìta gbangba ni kí ó wà títí ẹni tí ó tà á yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò. Omi oníyọ̀ pẹ̀lú jẹ́ ọ̀tá rẹ̀. Lẹ́yìn ìjì líle tí wọ́n pè ní Ian, ní Florida ní ọdún 2022, àwọn ọkọ̀ oníná mànàmáná tí omi òkun ti bò gbiná lẹ́yìn tí omi ti fà. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé etí ọ̀sà ní Àjàṣẹ́, ẹ gbọ́ èyí.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ ṣọ́ àwọn ọmọdé. Alùpùpù yìí kì í pariwo. Ó lè wà ní títàn kí ènìyàn rò pé ó ti kú, bí ọmọ bá sì yí ọwọ́ rẹ̀, yóò fò síwájú lójijì. Ní Yúróòpù, láti ọdún 2021, òfin ti fi dandan lé e pé kí gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ oníná mànàmáná tuntun máa dún nígbà tí ó bá ń rọra rìn, kí ẹlẹ́sẹ̀ lè gbọ́, ṣùgbọ́n òfin náà kò kan alùpùpù. Ẹ̀yin onízẹmijan wa, ẹ tan iná iwájú, ẹ fọn fèrè, ẹ sì rọra ní iwájú ilé ìwé àti ní ọjà.

Bí iná bá sẹ́, ẹ má ṣe dúró láti gba ẹ̀rọ là. Ẹ kó ènìyàn jáde, ẹ pa ilẹ̀kùn dé, ẹ jìnnà sí èéfín, kí ẹ sì pe àwọn panápaná ní 118, ní Bẹ̀nẹ̀ tàbí ní Tógò. Àwọn àgbà máa ń sọ pé bí iná bá ń jóni, tí ó ń jó ọmọ ẹni, tara ẹni ni à á kọ́kọ́ gbọ̀n. Ìyá wo ni ó lè ṣe é? Ṣíṣí ọ̀nà sílẹ̀ kí iná tó dé ni yóò jẹ́ kí ó lè gba ara rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ là.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ bá baálé yín sọ ọ́ ní pẹ̀lẹ́, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Ẹ̀yin bàbá, ẹ má ṣe kà á sí àrífín. Òògùn tí a kò fi owó ṣe, ẹ̀yìn ààrò ni ó máa ń gbé, bẹ́ẹ̀ ni kò ná wa ní kọ́bọ̀ láti sún alùpùpù kúrò ní ẹnu ọ̀nà.

Jósẹ́fù Mímọ́ dìde ní òru, ó mú Ọmọ náà àti ìyá rẹ̀, ó sì jáde lọ. Kí ó bẹ Olúwa fún gbogbo ìdílé wa, kí baálé ilé tí ó bá ní láti dìde ní òru lè bá ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ṣíṣí. Àmín.